Ka Ení, Èjì, Kí Àrá Tó Sán

Òjò àkọ́rọ̀ ní Kabba, ọ̀sán ló sábà máa ń dé. Oòrùn á ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ olómi tó ti Òkun Àtìláńtíìkì wá á gbéra sókè, á di ìkùukùu dúdú. Inú rẹ̀ ni mànàmáná ti ń wá.

Ohun tí mo kọ́ àwọn àbúrò mi rèé: bí mànàmáná bá ti kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú-àáyá títí àrá á fi sán. Ojú ẹsẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ nǹkan bíi mítà 340 ni ìró ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, ìṣẹ́jú-àáyá 3 jẹ́ kìlómítà 1. Tí ohun tí ẹ kà kò bá tó 30, ẹ wọlé!

Ẹ má sá sábẹ́ igi mángòrò o. Iná náà lè ti ara igi fò mọ́ ènìyàn. Mọ́tò onírin tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀ pa dáa. Irin ara rẹ̀ ló ń gbé iná náà gba ìta wọlẹ̀, kì í ṣe táyà. Ọ̀kadà ò lè gbà yín.

Màmá wa á ní, "A ó mà pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì o!" Màmi, ẹ jẹ́ ká pẹ́. Tí àrá ìkẹyìn bá sán, ẹ fi ìṣẹ́jú 30 sí i kí ẹ tó jáde.