Ìdùnnú Òbí Lórí Eré àti Ìdàgbàsókè Ọmọ Kékeré

(Àpẹẹrẹ Àròkọ Aṣàlàyé)

ÌLAPA ÈRÒ
(i) Ìfáárà
(ii) Bí ọmọ ṣe ń dàgbà láti oṣù dé ọdún
(iii) Eré ojú inú àti ohun tí ó ń kọ́ ọmọ
(iv) Ohun tí ó lè pa eré náà: àpẹẹrẹ kan
(v) Ìyàtọ̀ láàárín irọ́ àti eré ojú inú
(vi) Ohun tí ó yẹ kí òbí ṣe
(vii) Ìkádìí

ÀRÒKỌ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Bí a bá fọkàn sí òwe yìí dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe ìbáwí nìkan ni ó wà nínú rẹ̀; ẹ̀rín wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá tí ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ó ti ń fi ẹ̀kọ kun ojú kun imú mọ̀ pé aṣọ yóò di fífọ̀. Síbẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn, nítorí pé láìpẹ́ yìí ni ó ṣì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ. Irú ìdùnnú yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé: ohun tí ó ń mú un wá, ohun tí ó ń ṣe fún ọmọ, àti ohun tí ó lè bà á jẹ́.

Ní ọ̀nà kìíní, ìdàgbàsókè ọmọ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìran àpéwò. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọ̀pọ̀ ọmọ á ti máa jókòó. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa rá. Nígbà tí wọ́n bá fi máa pé ọmọ ọdún kan, wọ́n á máa di ògiri mú dìde, ọjọ́ tí wọ́n bá sì gbé ẹsẹ̀ méjì láìdi nǹkan kan mú, gbogbo ilé ni yóò pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n bá tó ọmọ ọdún méjì, wọ́n á máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: "Màmá, omi." Gbogbo ọmọ kọ́ ni ó ń ṣe é ní ọjọ́ kan náà, nítorí náà kò yẹ kí òbí máa fi ọmọ tirẹ̀ wé ọmọ aládùúgbò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá pé ọdún kan ààbọ̀ tí kò tíì rìn, ó yẹ kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò.

Ní ọ̀nà kejì, ojú inú ọmọ ń là bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lágbára. Láti nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún méjì ni ọmọ ti máa ń fi ohun kan dúró fún òmíràn. Kùùkù àgbàdo á di ọmọ tuntun, a ó sì fi ọ̀já pọ̀n ọ́n. Agolo sadínì á di mọ́tò, iyẹ̀pẹ̀ á di àmàlà, ewé á di owó tí a fi ń rà á. Òbí tí kò fara balẹ̀ lè pe gbogbo èyí ní ìdọ̀tí lásán. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Lev Vygotsky, ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà tí ó gbé ayé láti ọdún 1896 sí 1934, ṣàlàyé pé irú eré bẹ́ẹ̀ ni ọmọ fi ń kọ́ láti ya ìtumọ̀ nǹkan sọ́tọ̀ kúrò lára nǹkan náà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò: kí ni lẹ́tà "b" lójú pátákó bí kò ṣe àmì tí ó dúró fún ìró? Ọmọ tí ó ti gbà pé kùùkù àgbàdo lè dúró fún ọmọ tuntun ti ń rìn lọ sí ọ̀nà ìwé kíkà kí ó tó mọ ilé-ìwé rárá. Jean Piaget pẹ̀lú, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó kú ní ọdún 1980, ṣọ́ eré àwọn ọmọ tirẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde kárí ayé.

Ṣùgbọ́n eré yìí kò ṣòro láti pa. Ọ̀rọ̀ ara mi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1997, ọmọ mi obìnrin kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Mo ti ilé-ẹ̀kọ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a tí ó ti fi báírò pupa fa ìlà kiri inú rẹ́jísítà kíláàsì mi. Ìwé ìjọba ni. Bí ọ̀gá bá rí i, ẹjọ́ dé nìyẹn. N kò béèrè ohunkóhun. Mo nà án ní pàṣán mẹ́ta. Nígbà tí ó sunkún tán ni ìyá rẹ̀ mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Agolo mílíìkì méjìlá ni mo bá níbẹ̀, lórí ìlà mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ní, "Bàbá ọmọ yìí, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ rè é. Orúkọ wọn ni ó ń pè. Èyí tí ó dípẹtà yẹn kò wá lánàá, ara rẹ̀ kò yá."

Ojú tì mí. Mo rò pé bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò padà sídìí agolo rẹ̀. Kò padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni òjò fi ń rọ̀ sínú wọn. Ọmọ tí kì í jẹ́ kí n sinmi tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú "kí ni èyí, kí ni ìyẹn" wá dákẹ́. Àwọn àlejò ń yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Èmi mọ ohun tí ó pa á lẹ́nu mọ́.

Níkẹyìn, mo ra ìwé ìkọ̀wé kan, mo fa ìlà sí i bí ti rẹ́jísítà, mo sì lọ jókòó sí ìparí ìlà kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn agolo. N kò pè é. Mo jókòó títí, ẹ̀fọn ń jẹ mí. Nígbà tí ó yá, ó yọjú, ó wò mí, ó ní, "O pẹ́ dé." Kò sọ pé "Ẹ pẹ́ dé", nítorí pé olùkọ́ ni òun, ọmọ kíláàsì sì ni èmi. Mo dìde, mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Ó gba ìwé náà, ó sì fa ìlà kan sí i fún mi. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó kúnlẹ̀ kí mi bí ìṣe rẹ̀. Èyí fi hàn pé ọmọdé mọ ààlà tí ó wà láàárín eré àti ìwà ọmọlúàbí.

Ní ọ̀nà mìíràn, àwọn kan á sọ pé irọ́ ni a fi ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ wà. Ọmọ tí ó jẹ ẹran ọbẹ̀ tí ó ní ológbò ni, ó fẹ́ fi nǹkan pa mọ́. Ìbáwí tọ́ sí i. Ọmọ tí ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ń gbé lẹ́yìn àmù kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ń pè ọ́ wá wò ó ni. Béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ náà.

Kí ni ó wá yẹ kí òbí ṣe? Kí ó máa béèrè kí ó tó bínú. Kí ó máa pa àlọ́ fún ọmọ, ní èdè tí ọmọ fi ń ronú. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn lẹ́nu ẹ̀kọ́ wọn. Bákan náà, kí òbí má ṣe fi fóònù ṣe alágbàtọ́. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má ṣe jókòó ti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, kí èyí tí kò tíì pé ọdún méjì má tilẹ̀ wò ó rárá.

Ní ìkádìí, òótọ́ ni pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ni àwọn àgbà ní kí a gé. Wọn kò ní kí a fa igi náà tu. Ọmọ kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì. Òbí tí ó bá fẹ́ rí ìdùnnú inú ọmọ títọ́, kí ó tètè lọ jókòó sórí ìlà kí olùkọ́ kékeré tó ti ìwé rẹ̀ dé.