Sàléńsà tó ń pariwo: dídí i pa kọ́ ni oògùn ẹ̀ o!

Ẹni tó bá gba Ìlúpéjú lọ sí ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin mọ̀ pé pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì kì í ṣe tuntun l'Ékòó. Ẹni tó fẹ́ fi mọ́tò sáré ìje á yọ ẹ́ńjìnnì oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, á gbé tòkunbọ̀ oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà sí i. Àṣé wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni! Mọ́tò á máa bú bíi kìnnìún, àdúgbò ò ní í sùn.

Àwọn kan á ní kí jórinjórin dín ẹnu páìpù kù. Àṣìṣe ńlá nìyẹn! Èéfín ẹ́ńjìnnì ńlá pọ̀. Bí kò bá ríbi gbà, agbára mọ́tò á dín kù. Páìpù tó fẹ̀ ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú sàléńsà tí páìpù inú ẹ̀ lu jára, tí wọ́n fi òwú tí iná ò lè jó dì yí ká. Òwú yẹn ló ń gbé ariwo mì, èéfín á sì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń pààyàn kì í pariwo. Bí ojú ibi tí wọ́n jó kò bá dí dáadáa, carbon monoxide lè wọnú mọ́tò. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Nítorí náà, kí oníṣẹ́ tó gbowó, ẹ ní kó ṣáná sí i, kó sì da omi ọṣẹ sójú ibi tó jó kí páìpù tó gbóná. Bó bá ń hó, iṣẹ́ ò tí ì parí nìyẹn!