Ìdárayá Inú Omi

Nígbà tí kíláàsì alẹ́ bá parí, àwa tí a ń ṣètò ẹ̀kọ́ àgbà máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé, "Ó dàárọ̀ o." Àwọn ọ̀dọ́ a dìde wéré. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà a kọ́kọ́ di tábìlì mú, wọn a mí kanlẹ̀, kí wọ́n tó lè nà ró. Bí a bá béèrè pé, "Màmá, kí ló dé?" wọn a ní, "Orúnkún ni, tíṣà. Orúnkún ni."

Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe sí i ni pé wọ́n ń jókòó sílé. Wọn kì í rìn lọ sí ọjà mọ́. Ọmọ ni ó ń bá wọn ra gbogbo nǹkan. Wọ́n rò pé bí orúnkún bá ti sinmi, yóò sàn. Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Orúnkún tí kò bá ṣiṣẹ́ a máa le gan-an. Iṣan itan tí ó yẹ kí ó gbé orúnkún ró a máa di aláìlágbára. Ara a máa sanra sí i, ẹrù orúnkún a sì máa wúwo sí i. Bí ó bá pẹ́, ẹni tí kò fẹ́ rìn kò ní lè rìn mọ́.

Kí ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá ṣe? Bí ó bá rìn, orúnkún a dùn ún. Bí ó bá jókòó, orúnkún a le. Ọ̀nà kan wà tí àwọn dókítà fi ń ran irú wọn lọ́wọ́. Ọ̀nà náà ni ìdárayá inú omi.

Kí ni ìdárayá inú omi?

Kì í ṣe ìlúwẹ̀ẹ́ ni o. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́ rárá lè ṣe é. Inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí a fi sìmẹ́ńtì kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Omi náà kì í sábà ju àyà lọ. Àwọn ènìyàn yóò dúró nínú omi, ẹsẹ̀ wọn yóò sì tẹ ilẹ̀. Olùkọ́ yóò dúró níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i. Ohun tí ó bá ṣe ni wọn yóò ṣe. Wọn yóò rìn síwájú, wọn yóò rìn sẹ́yìn. Wọn yóò gbé orúnkún sókè, wọn yóò na ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn yóò fi ọwọ́ ti omi síwájú, wọn yóò sì fà á padà. Nígbà mìíràn, wọ́n a fi orin sí i. Ní ìlú Òyìnbó, àwọn àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pọ̀ nínú irú kíláàsì báyìí.

Kí ló dé tí omi fi ń ranni lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí etí kànga. Ẹ ti ju korobá sínú kànga, ó sì ti kún. Níwọ̀n ìgbà tí korobá náà bá ṣì wà nínú omi, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kúrò nínú omi báyìí, họ́wù! Apá yín yóò mọ̀ ọ́n. Ṣé omi inú korobá ni ó pọ̀ sí i? Rárá o. Omi kànga ni ó ń bá yín gbé e tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni omi ṣe ń bá ni gbé ara. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹnì kan wọn kílò 80. Bí ó bá dúró lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé gbogbo kílò 80 náà. Bí ó bá wọ omi dé ìbàdí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbé ju nǹkan bí kílò 40 lọ. Bí omi bá dé àyà, ẹrù ẹsẹ̀ yóò tó nǹkan bí kílò 25. Bí omi bá dé ọrùn, ẹrù náà kò ní ju nǹkan bí kílò 8 lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹni tí kò lè rìn dé ìdí ọjà fi lè rìn síwá sẹ́yìn nínú omi, tí ojú rẹ̀ kò sì ní fà ro.

Àbí ẹnì kan ń rò pé, "Bí omi bá ń gbé mi, iṣẹ́ wo ni mo wá ń ṣe?" Ìbéèrè dáradára ni. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wọ́ odò kọjá. Ẹsẹ̀ kì í yá nínú odò. Omi nípọn ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800, nítorí náà ó ń di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mú. Bí ẹ bá yára tì í, yóò ti yín padà gidigidi. Bí ẹ bá rọra tì í, yóò rọra dá yín lóhùn. Olúkúlùkù ni ó ń yan ìwọ̀n iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká. Iṣan ń ṣiṣẹ́, ọkàn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n orúnkún kò gba ìlù.

Àǹfààní mìíràn tún wà. Ẹni tí ó bá kọsẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì lè fi eegun itan dá. Nínú omi, ènìyàn kì í ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà àgbà lè fi ẹsẹ̀ kan dúró láìbẹ̀rù, kí ó sì kọ́ bí a ti ń dúró ṣinṣin. Àwọn oníwádìí ti rí i pé ìdárayá yìí ń dín ìrora orúnkún kù, bí kò tilẹ̀ wo àrùn náà sàn pátápátá. Ṣùgbọ́n eegun ń fẹ́ kí a máa tẹ ilẹ̀ kí ó lè le. Ẹni tí ó bá ṣì lè rìn lórí ilẹ̀, kí ó má ṣe jáwọ́.

Ìtàn olórí ìlú kan

Ní ọdún 1921, àìsàn kan kọlu Franklin Roosevelt, ará Amẹ́ríkà, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 39. Àwọn dókítà ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ. Ní ọdún 1924 ó lọ sí Warm Springs ní ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀, bí ti Ìkógòsì wa ní ilẹ̀ Èkìtì. Nínú omi náà, ẹsẹ̀ tí kò lè gbé e lórí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mira. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ra ibẹ̀ ní ọdún 1926, ó sì sọ ọ́ di ibi ìtọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Omi náà kò mú kí ó rìn bí ti àtẹ̀yìnwá. Irin ni wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ó rí okun gbà níbẹ̀. Ní ọdún 1933 ó di ààrẹ Amẹ́ríkà, ó sì wà lórí oyè títí di ọdún 1945. Ní ìgbà ayé rẹ̀, wọn kì í gba aláwọ̀ dúdú fún ìtọ́jú ní Warm Springs. Ọdún 1941 ni wọ́n ṣí ibi ìtọ́jú àrùn rọpárọsẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama.

Ẹ ṣọ́ra o!

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Síbẹ̀, omi ń gbé ènìyàn lọ.

1. Ẹ bi dókítà léèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ní àrùn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí wárápá. Omi ń tẹ ara yíká, ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ láti ẹsẹ̀ lọ sí ọkàn. Ó dára fún ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó lè pọ̀ jù fún ọkàn tí ń ṣàìsàn.

2. Ẹ má ṣe dá wọ omi. Kí ẹni tí ó mọ bí a ti ń yọ ènìyàn nínú omi wà nítòsí.

3. Ẹni tí ó ní egbò tàbí tí inú rẹ̀ ń ṣí, kí ó dúró títí yóò fi sàn.

4. Ara ń làágùn nínú omi, bí a kò tilẹ̀ rí i. Ẹ mu omi kí ẹ tó wọlé àti lẹ́yìn tí ẹ bá jáde.

5. Ẹ má ṣe sọ odò tàbí adágún lásán di ibi ìdárayá. Bí ẹni tí ó ní àtọ̀sí ajá bá tọ̀ sínú odò, kòkòrò àrùn náà yóò wọ inú ìgbín kékeré kan tí ń gbé inú omi. Bí ó bá jáde kúrò nínú ìgbín yìí, yóò gba awọ ara wọ inú ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ odò náà. Lẹ́yìn náà, onítọ̀hún lè máa tọ ẹ̀jẹ̀. Àrùn yìí ti bá ọ̀pọ̀ ọmọdé jà ní àwọn abúlé ẹ̀bá adágún Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Omi tí wọ́n ń fi oògùn apakòkòrò tọ́jú nìkan ni ó yẹ.

Níbo ni a ó ti rí i?

A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín yóò ní, "Tíṣà, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kò sí ní àdúgbò wa." Òótọ́ ni. Ẹ̀yin tí kò sí nítòsí yín, ẹ jókòó sórí àga, ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú títí yóò fi tọ́, ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ tó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún máa rìn díẹ̀díẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀. Ẹ lè pín in sí ọjọ́ márùn-ún, ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́. Bí 10 ni agbára yín ká lónìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10.

Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú ńlá wa, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì, yunifásítì àti ẹgbẹ́ kan ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ kó ara yín jọ bí ẹni mẹ́wàá. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún àwọn àgbà, àti iye tí wọn yóò gbà. Ẹ béèrè bóyá olùkọ́ wà níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yin ì bá wá ẹni tí yóò bá yín kọ ọ́. Lónìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́, kí ẹ sì fi orúkọ yín sí i.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí korobá fi fúyẹ́ nígbà tí ó wà nínú omi kànga?
2. Kílò mélòó ni ẹsẹ̀ ẹni tí ó wọn kílò 80 yóò gbé bí omi bá dé ìbàdí rẹ̀?
3. Báwo ni àtọ̀sí ajá ṣe ń wọ ara ènìyàn?
4. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú láti béèrè ààyè ìdárayá inú omi fún àwọn àgbà àdúgbò yín.