Àgádágodo Lára Tẹlifóònù

Ní àdúgbò wa n'Íbàdàn láyé ìjọ́sí, ilé kan ṣoṣo ló ní tẹlifóònù. Alága ni gbogbo wa ń pe baba onílé náà, n kò sì mọ ẹgbẹ́ tó ṣe alága rẹ̀ títí dòní. Tẹlifóònù wọn wà lórí tábìlì kékeré ní pálọ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó bí ìyàwó tuntun, wọ́n wá fi àgádágodo sí ojú ibi tí wọ́n ti ń yí nọ́ńbà. Bí ìpè bá wọlé, ẹ lè gbé e. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pe ẹlòmíràn, àfi kí kọ́kọ́rọ́ jáde lábẹ́ ìrọ̀rí Alága. Ẹni tó ń retí ìpè ọmọ rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù á ti jókòó sí ìloro wọn láti aago mẹ́rin.

Nígbà tí GSM dé ní oṣù kẹjọ 2001, ìlà tẹlifóònù tó wà káàkiri Nàìjíríà kò tó 1,000,000, bẹ́ẹ̀ a ti ju 100,000,000 èèyàn lọ. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí kò tẹsẹ̀ wọ pálọ̀ Alága rí ra fóònù tirẹ̀. Alága ló pẹ́ kó tó rà. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ fi ṣe, ṣebí àwọn ní tẹlifóònù nílé?

Mo máa ń rántí Alága bí mo bá gbọ́ pé olówó ló kọ́kọ́ ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, tálákà á wá tẹ̀ lé e. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Láti 1982 ni ilẹ̀ Faransé ti ń pín ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Minitel lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó ní tẹlifóònù nílé. Ojú rẹ̀ dà bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré, ó ní bọ́tìnì ìtẹ̀wé, wáyà tẹlifóònù ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Ìyá àgbà lábúlé lè jókòó sílé kó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, kó fi wo owó rẹ̀ ní báńkì. (Wọ́n fi tage náà, kì í ṣe díẹ̀.) Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wá dé, ọ̀pọ̀ wọn kò rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ní 1997, Lionel Jospin, olórí ìjọba wọn, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Minitel lè máa fa ọwọ́ ohun tuntun sẹ́yìn. Oṣù kẹfà 2012 ni wọ́n tó pa á.

Estonia ńkọ́, ilẹ̀ kékeré létí òkun Baltic tó gba òmìnira lọ́wọ́ Soviet ní 1991? Owó kò sí, tẹlifóònù wọn ti gbó. Finland tó múlé gbè wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ tẹlifóònù àlòkù ta wọ́n lọ́rẹ, wọ́n ní àwọn ò gbà. Ní 1996, ààrẹ wọn, Lennart Meri, kéde ètò Tiigrihüpe, ìyẹn "ìfò ẹkùn", láti gbé kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó fi máa di 2005, wọ́n ti ń dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì jákèjádò ìlú. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ṣe é rí ṣáájú wọn.

Àmọ́ ẹkùn yẹn kò ṣàdédé fò. Iná ti wà nílé ẹ̀kọ́ wọn, gbogbo ìlú ló sì mọ̀wé. Àlàfo àárín olówó àti tálákà kò sì tíì dí: ní 2024, ITU, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, ṣírò rẹ̀ pé nínú 100 èèyàn ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, 93 ló ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ní àwọn tó tòṣì jù, 27 ni. Òpó nẹ́tíwọ̀kì kò sì jìnnà sí púpọ̀ nínú àwọn tó ṣẹ́ kù. Owó fóònù ni, owó dátà ni, àti mímọ̀ ọ́n lò.

Àwọn tó ti wọlé pàápàá, gààrì ni wọ́n ń rà: ẹnì kan ń ra àpò, ẹnì kejì ń ra kóńgò. Àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù ń sanwó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣàn nílé rẹ̀ tọ̀sántòru, àwọn ọmọ sì ń wo eré lórí rẹ̀ títí oorun á fi gbé wọn lọ. Ọmọ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, tó jogún àtẹ ìyá rẹ̀, ń ra dátà ọjọ́ kan. Á ṣí i, á jẹ́ kí WhatsApp já wọlé, á sì pa á kíá bí ẹni tó ń ṣọ́ epo fìtílà. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp nírọ̀lẹ́, àfi kí n jókòó dúró, bí àwọn ará ìloro Alága.