Kí Ẹ Tó Tún Peugeot 504 Bàbá Yín Ṣe

Bí bàbá bá fi Peugeot 504 sílẹ̀ fún yín, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, ẹ má tíì sáré ra ẹ́ńjìnì o. Mgbuka Obosi àti Nnewi ò jìnnà sí Onitsha, ẹ́ẹ rí i rà. Abẹ́ mọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. 504 sàlúùn ò ní ṣásí lọ́tọ̀, bọ́dì fúnra ẹ̀ ló gbé gbogbo ẹrù. Bó bá ti dípẹtà nísàlẹ̀, wẹ́dà ló kàn, kì í ṣe pẹ́ńtà.

Ìwé ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ yí i sórúkọ yín. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, kí nọ́ńbà rẹ̀ wọ inú ìwé, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró lọ́nà ilé, tí nọ́ńbà ò bá ìwé mu, wọ́n lè ní ẹ jí mọ́tò bàbá yín ni.