Ta Ló Ń Yẹ Ìdánwò Wò?

Nínú sọ́fútíwíà tí gbogbo ayé ń pawọ́ pọ̀ kọ, àtúnṣe sí ìdánwò, ìyẹn kóòdù tó ń yẹ kóòdù mìíràn wò, ni wọ́n sábà máa ń fojú kéré jù: ìlà kóòdù méjì mẹ́ta péré, tí kò fi nǹkan kan kún ohun tí aráàlú ń lò. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kì í gbọ́ ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ wo Python, èdè kọ̀ǹpútà tí Guido van Rossum gbé jáde lọ́dún 1991, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wà lórí GitHub láti 2017. Ẹnikẹ́ni ló lè fi àtúnṣe ránṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà olùkọ́ kóòdù rẹ̀ (core developer) nìkan ló láṣẹ láti gbà á wọlé. Kí wọ́n tó gbà á, ẹ̀rọ yóò ti dán an wò lórí Linux, Windows àti macOS.

Ìdánwò tó ń yege lónìí, tó ń kùnà lọ́la, láìsí ẹni tó fọwọ́ kan kóòdù, òun gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀bùrú pọ̀: kí wọ́n fi ìṣẹ́jú àáyá kún àkókò tó fi ń dúró, tàbí kí wọ́n ní kí ẹ̀rọ fò ó. Àmì aláwọ̀ ewé, tó ní ìdánwò yege, á yọ, kálukú á sì bá tirẹ̀ lọ. Olùyẹ̀wò gidi á béèrè pé ṣé ìdánwò ló ń purọ́ ni, àbí kóòdù ló lárùn. Ẹlòmíràn á tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba kóòdù jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ìdánwò náà yóò ké. Èyí tí kò bá ké, ọ̀ṣọ́ lásán ni lójú tèmi.

Lọ́dún 2024 ni ayé rí ohun tó lè fara pamọ́ sínú ìdánwò. Lára àwọn fáìlì ìdánwò xz, irinṣẹ́ tí Linux fi ń fún fáìlì pọ̀, ni ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan fi kóòdù sí, kó lè máa wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ. Ìdánwò kankan kò tilẹ̀ lo àwọn fáìlì náà nínú ẹ̀dà 5.6.0! Kò sẹ́ni tó bi í pé ẹja ń bákàn, torí ó ti di alábòójútó. Andres Freund, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ sọ́fútíwíà PostgreSQL, tí xz kò kàn rárá, ló tú àṣírí náà ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, lẹ́yìn tó rí i pé wíwọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè nípasẹ̀ SSH ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá falẹ̀.

Báwo ni Jia Tan ṣe di alábòójútó? Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹnì kan ṣoṣo fi tọ́jú xz láìgbowó. Lọ́dún 2022, àwọn kan ń yọ ọ́ lẹ́nu pé iṣẹ́ ń falẹ̀, kó yáa fi ẹlòmíràn kún un. Jia Tan ló fi kún un.