Píjò Àná, Píjò Òní: Níbo Ló Ti Ń Bàjẹ́?

Lójú ọ̀nà Ṣakẹ́tẹ́ sí Pobẹ̀, Toyota ló gbòde báyìí. Píjò 504 tó ṣẹ́kù níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní baṣé ni, tí wọ́n máa ń fi tapólíìnì bo ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń ru ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹyìn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ tó ti dàgbà, á ní ọkọ̀ Faransé kì í bàjẹ́ láyé àtijọ́, pé ti ìsinsìnyí ni kò dáa mọ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kì í ṣe bó ṣe sọ ọ́ yẹn. Píjò àtijọ́ ń bàjẹ́ dáadáa. Ó kàn jẹ́ pé ibi tó ti ń bàjẹ́ kò kọjá agbára mẹkáníìkì abẹ́ igi máńgòrò.

Píjò 404 jáde ní 1960, ó sì gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. 504 tẹ̀ lé e ní 1968, òun náà gba ipò kan náà ní 1975 àti 1978. Sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀, ikùn rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sì fi ń ti ara rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ ẹrẹ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí nígbà òjò, ẹrẹ̀ tí í gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn, á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Èyí tó gùn nínú wọn, tí wọ́n fi ń kó èrò, ní ìlà ìjókòó mẹ́ta àti sípíríǹgì méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Èèyàn méje ni Faransé kà sí i. Àwọn awakọ̀ tiwa ní ìṣirò tiwọn. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ PAN sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjò pọ̀ ní Kàdúná ní Nàìjíríà, ẹnubodè ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Ṣakẹ́tẹ́, nítorí náà apá ọkọ̀ kì í wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wo bí epo ṣe ń dé inú ẹ́ńjìnì náà. Ẹ́ńjìnì ń fa afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun kábúrétọ̀. Ọ̀fun náà fún ní àárín, afẹ́fẹ́ á sáré níbẹ̀, agbára tó fi ń tẹ nǹkan á dín kù, epo tó wà nínú kọ́ọ̀bù kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á wá gba ihò tín-ín-rín kan jáde, á fọ́n ká. Kò sí iná mànàmáná nínú ìyẹn rárá. Bí ìdọ̀tí tàbí omi inú kpayo, epo fàyàwọ́, bá dí ihò náà, ọkọ̀ á máa húkọ́, á sì kú. Mẹkáníìkì á tú kábúrétọ̀, á fẹnu fẹ́ ihò náà, á dá a padà. Ojú irin kékeré inú ẹ̀rọ tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì náà máa ń jó, wọ́n á fi pépà ìyanrìn nù ún. Iṣẹ́ yìí pọ̀, ó sì máa ń wá lemọ́lemọ́. Ọkọ̀ òní kì í béèrè rẹ̀. Irin ara ọkọ̀ náà sì ti sàn jù: láti nǹkan bí 1990 ni wọ́n ti ń fi síǹkì bo irin kó má baà dípẹtà, ohun tó máa ń jẹ Píjò àti Renault àtijọ́ bí ikán.

Wàhálà wá wọlé láti ibòmíràn. Nínú 504, iná kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ tó wá láti ibi tí ẹ ti ń tan án. Nínú Píjò 307, tó jáde ní 2001, ìròyìn ló ń rìn lórí wáyà méjì péré. Kọ̀ǹpútà kan ń ké sórí wáyà náà bí akéde tó ń lu agogo kiri àdúgbò, gbogbo ilé ló ń gbọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan ló ń dáhùn. Ìyẹn dín wáyà kù púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí pátákó kékeré tó wà lábẹ́ sítíárìn bá bàjẹ́, ẹ lè máa tẹ iná ìtọ́ka, kí ohun mìíràn máa ṣiṣẹ́. Fìtílà tí mẹkáníìkì fi ń dán wáyà wò kò tó fún un mọ́, àfi ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní "valise". Ọdún kan náà ni Renault gbé Laguna kejì jáde, iná mànàmáná rẹ̀ sì ba orúkọ ilé iṣẹ́ náà jẹ́ ní Yúróòpù.

Dísù náà yí padà. Nínú ẹ́ńjìnì dísù 504, pọ́ǹpù ń fi agbára tó lé díẹ̀ ní bar 100 ti epo wọlé. Nínú ẹ́ńjìnì dísù HDi oní-lítà 1.6 ti òní, ó tó bar 1,600. Bar méjì péré ló wà nínú táyà yín, ẹ fi wé e. Ihò tí epo ń gbà níbẹ̀ kéré débi pé ìdọ̀tí tí ojú ò lè rí á há sí i. Tọ́bò rẹ̀ ń yí ju ìgbà 150,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì nìkan ló sì ń gbé e ró. Wọ́n fi asẹ́ kékeré kan sí ẹnu ibi tí ọ́ìlì ń gbà lọ síbẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ti gbó, èéfín dúdú á dí asẹ́ náà, tọ́bò á jẹ irin ara rẹ̀. Ẹni tó pààrọ̀ tọ́bò tí kò fọ ọ̀nà ọ́ìlì yẹn á tún padà wá.

Kì í ṣe pé àwọn Faransé kò mọ iṣẹ́. Ẹ́ńjìnì PureTech oní-lítà 1.2 tí wọ́n gbé jáde ní 2012 gba àmì ẹ̀yẹ léraléra. Àmọ́ inú ọ́ìlì ni bẹ́líìtì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ sí. Bí epo bẹntiróò bá dà mọ́ ọ́ìlì náà, bẹ́líìtì á rọ̀, á já wẹ́wẹ́, èérún rẹ̀ á dí ẹnu pọ́ǹpù ọ́ìlì. Ní 2024, Stellantis tó ni Píjò sún ìdánilójú lórí rẹ̀ dé ọdún 10 tàbí kìlómítà 175,000. Ìdánilójú yẹn kò lè ran ẹni tó ra tirẹ̀ ní tòkunbọ̀ ní Kútọnu lọ́wọ́.

Ní tèmi, ọ̀nà tiwa ni mo fi ń wọn ọ̀rọ̀ yìí, ẹ́ńjìnì Faransé tó dáa jù sì ni dísù XUD tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Òun ló wà nínú 205, 405 àti àwọn Partner àkọ́kọ́. Kò ní kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó epo, gazoil tí kò mọ́ tó kò sì tètè pa á. Ẹ̀yin tó ń wá ọkọ̀ ẹrù fún ọjà Pobẹ̀, ẹ béèrè irú ẹ́ńjìnì tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Bẹ́líìtì XUD kì í fún èèyàn ní ìkìlọ̀ kó tó já, tó bá sì já, písítìnì á gbá fáfù. Owó bẹ́líìtì tuntun kò tó owó orí ẹ́ńjìnì, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní Kútọnu kí ọkọ̀ náà tó gba ọ̀nà Àjàṣẹ́.